Iná Tí Kì Í Kú ní Yàrá Desmond

Ọkùnrin tó wá láti ilé iṣẹ́ oníná kò pariwo. Ó gbé àkàbà ti òpó, ó fi ohun ìwọ̀n kan há wáyà tó wọ ilé náà, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì sọ fún Ṣọládé pé iná tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tí mítà ń kà lọ. Ẹnì kan ń jí iná nínú ilé yìí. Bí òun bá padà dé tí wọn kò tíì mú olè náà, òun á gé wáyà gbogbo ilé, òun á sì mú ẹni tí onílé fi ilé sí níkàáwọ́ lọ.

Ṣọládé ni onílé fi ilé sí níkàáwọ́. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí Kétu, kò sẹ́ni tó lè nàka sí i pé ó mú ohun olóhun. Òun ló ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ rere yìí lohun tó ní jù láyé, ẹ̀rù sì bà á gan-an.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò pẹ́ tí ojú Ṣọládé fi dúró sórí Desmond, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba yàrá iwájú. Desmond kò ní jẹnẹrétọ̀. Síbẹ̀, bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí gbogbo ilé dákẹ́, orin á ṣì máa dún ní yàrá tirẹ̀, fèrèsé rẹ̀ á sì máa tàn bíi ti ẹni tó ní NẸ́PÀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ra àpótí irin kan ní Owódé Onírin, ó gbé e wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Òórùn lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ tó fi ń lẹ wáyà pọ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn náà jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣọládé kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ béèrè ìgbálẹ̀. Ó rí láptọ́ọ̀pù kan lórí tábìlì tí gbogbo inú rẹ̀ ti wà níta. Wáyà pupa àti dúdú jáde lára rẹ̀, wọ́n wọ inú àpótí irin náà.

"Kọ̀ǹpútà ni mò ń tò fúnra mi, Daddy," ni Desmond wí. "Ojú láptọ́ọ̀pù yìí ti fọ́, àmọ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀ ṣì dáa. Ibẹ̀ ni mo ti ń fa iná fún àwọn ẹ̀yà tó kù."

Ṣọládé ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ní ọkàn rẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Bọ́ọ̀dù náà ńkọ́, níbo ló ti ń rí iná nígbà tí kò sí iná nílùú?

Ó sọ ọ́ fún Jọkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ẹja yìnyín ní Mile 12. Ẹja yìí ló ń rán Tiwa, ọmọ wọn, ní ilé ìwé. Jọkẹ́ kò gbójú sókè níbi tó ti ń ha ìpẹ́.

"Daddy Tiwa, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀. Ariwo lásán làwọn oníná yẹn ń pa."

Ó ya Ṣọládé lẹ́nu bí ó ṣe ń gbèjà Desmond, àmọ́ aláàánú ni Jọkẹ́ láti ilé. Bí ọwọ́ Desmond bá mọ́, Ọlọ́run á jẹ́rìí rẹ̀, bó ṣe jẹ́rìí tiwọn. Nígbà òjò tó kọjá, Ṣọládé lọ ìpàdé ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, fíúùsì mítà ilé jó lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rí ẹni tún un ṣe. Ọbẹ̀ gbogbo ayálégbé ló kan. Ẹja Jọkẹ́ nìkan ló dì gbagidi bí òkúta nínú fìríìsà, ní yàrá kékeré ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó máa ń tì pa nítorí òórùn. Ṣọládé jẹ́rìí ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ sì kọ halelúyà.

Ó dúró de Sátidé ìparí oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, nígbà tí mọ́tò kì í rìn tí gbogbo ènìyàn sì wà nílé. Iná wà lọ́jọ́ náà. Kò sọ fún Jọkẹ́, kó má baà lọ ta Desmond lólobó. Ó pe gbogbo ayálégbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní òun fẹ́ yọ fíúùsì kúrò lára mítà. Ohunkóhun tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìta mítà ló ti ń mu iná.

Jọkẹ́ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé, Daddy Tiwa."

"Kò sẹ́ni tó máa wọlé. Bí mo bá yọ ìyàwó mi sílẹ̀, wọ́n á ní mò ń ṣojúsàájú."

Ó fa fíúùsì náà yọ. Fáànù gbogbo yàrá dúró, ṣùgbọ́n orin ń dún lọ ní yàrá Desmond. Aunty Karimot, aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pàtẹ́wọ́, ó ní òun ti mọ̀. Gbogbo wọn rọ́ wọlé, wọ́n ń bú ọmọ náà lọ́tùn-ún lósì.

Desmond kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣí àpótí irin náà, ó fi bátìrì láptọ́ọ̀pù hàn wọ́n lábẹ́ bọ́ọ̀dù. Ó ní bí iná bá wà, mítà ló ń rọ iná sí i. Bí iná bá lọ, èyí tó ti mu pa mọ́ ló ń gbé fún gbogbo yòókù. Ó fa bátìrì náà yọ. Orin dákẹ́, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣókùnkùn.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, pẹ̀lú fíúùsì ilé lọ́wọ́ Ṣọládé, gbogbo wọn gbọ́ fìríìsà tó ń kùn jẹ́jẹ́ ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Jọkẹ́.