Gbọ́lágadé Tó Ń Fi Apá Wọn Ìwo Àgbọ̀nrín

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ bá mi kà á títí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Ọkùnrin kan wà ní Fẹ́sítáàkì tó ń jẹ́ Gbọ́lágadé. Awakọ̀ ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni láti ilé. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń mú, yóò wọkọ̀ ní Máìlì Tú lọ sí abúlé wọn lọ́nà Ìgànná, níbi tí Fọláyan àbúrò rẹ̀ ń bá a tọ́jú ìbọn.

Abúlé kan náà ni wọ́n ti bí Adébùnmí ìyàwó rẹ̀. Orúnkún kò jẹ́ kí obìnrin yìí lè rìnrìn àjò mọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti fojú kan ilé. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bẹ ọkọ rẹ̀ fún ni ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n fi igi ayín yan. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ọbẹ̀, ṣe ló ń dà bíi pé òun jókòó ti ìyá òun lẹ́bàá ààrò, tí àwọn àbúrò òun ń jà sí eegun.

Baba Gbọ́lágadé ti kọ́ ọ pé wọn kì í yìnbọn fún abo, wọn kì í sì í yìnbọn fún ọmọ tó ṣì ń tẹ̀lé ìyá. Òfin tó dára ni, ó sì pa á mọ́. Lọ́dún kan, ó pa akọ àgbọ̀nrín kan tí ìwo rẹ̀ kò ju ìka lọ. Adébùnmí jẹ ẹ́, ó ń kọrin káàkiri ilé. Ṣùgbọ́n Àyàntúndé, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Amúwo, rí orí ẹran náà níwájú ilé.

“Àgbà ọdẹ, ewúrẹ́ ta lẹ yìnbọn fún yìí? Ẹ tètè gbé e pamọ́ o, ẹni tó ni ín ń bọ̀.”

Gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Gbọ́lágadé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára.

2.

Ó bá fi òfin tirẹ̀ kún ti baba rẹ̀. Ó ní òun kò ní pa àgbọ̀nrín kankan mọ́, àfi èyí tí ìwo rẹ̀ bá gùn láti ìgúnpá òun dé ọrùn ọwọ́. Ó sọ fún Àyàntúndé, ó sọ fún gbogbo wọn. Ẹ kíyè sí i: kò sọ fún Adébùnmí.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ó ti gun orí igi tó ti ń dènà de ẹran létí odò. Ilẹ̀ mọ́, akọ kan jáde wá mumi. Ara rẹ̀ ń dán, ó sanra, ó dúró jẹ́ẹ́. Gbọ́lágadé na apá, ó fojú wọn ìwo náà. Kò tó. Ó gbé ìbọn sílẹ̀. Ẹran mumi tẹ́rùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nílé, Adébùnmí ti lọ ata sílẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ìró géètì ló gbé ìkòkò kaná. Ọkọ rẹ̀ wọlé lọ́wọ́ òfo, ó ń fi ìgbéraga ròyìn èyí tí òun rí tí òun kò pa. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó pa sítóòfù.

“Bàbá Inúmidùn, ṣé ìwo ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi mú bọ̀ ni?”

“Ṣe sùúrù, Bùnmí. Baba wọn ń bọ̀.”

Bó ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyẹn. Ata á kúnná, ìkòkò á gbóná, ọwọ́ á ṣófo.

3.

Àánú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe Fọláyan. Ó pè lórí fóònù pé òun ti pa ẹtu kan, ẹran rẹ̀ rọ̀ dáadáa, òun yóò fi rán awakọ̀ sí Máìlì Tú. Gbọ́lágadé kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹran tí òun kò bá fọwọ́ ara òun pa kò ní wọ ìkòkò ilé òun.

Adébùnmí wà nítòsí, ó gbọ́. Ó rọra lọ sẹ́yìn ilé, ó jókòó, ó kọjú síbi tí èéfín àwọn aládùúgbò ti ń fẹ́ bọ̀, ó sì dijú.

4.

Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà dé bá Adébùnmí. Eyín rẹ̀ ń mì, ó ń bọ́, títí ó fi ku díẹ̀ ṣínún lẹ́nu.

Àsìkò yẹn gan-an ni Gbọ́lágadé pa baba wọn tó ti ń wá. Ìwo ẹran náà kọjá ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Àyàntúndé wò ó títí, kò rí àwàdà kankan ṣe. Inú Gbọ́lágadé dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló bu ọbẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Adébùnmí fi ẹran sẹ́nu. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Akọ tó ti gbó ni, ó le bíi rọ́bà. Wọ́n dá a padà sórí iná, wọ́n sè é títí, kò yàtọ̀. Ó yọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó mu omi ọbẹ̀ náà díẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé.

“Òórùn ilé wa nìyí lóòótọ́, Bàbá Inúmidùn. Mi ò kàn rọ́nà wọlé mọ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló lé Gbọ́lágadé padà sí abúlé nígbà tí ọyẹ́ tún dé. Ó ti pinnu pé ẹtu ni, àgbọ̀nrín kékeré ni, èyíkéyìí tó bá ṣáà ti rọ̀, òun yóò pa á. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta igbó náà. Katakata ti wó o mọ́lẹ̀ kanlẹ̀ nítorí oko kajú, odò wà ní gbangba, kò sí ipasẹ̀ ẹran kankan létí rẹ̀.

Nígbà tó padà dé Fẹ́sítáàkì, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé igbó ti tán. Adébùnmí ní kó wá jókòó ti òun.

“Ẹ kúkú sọ bí igbó náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ fún mi. Igi wo ló wà létí odò yẹn? Ṣé òdòdó ṣì máa ń wà níbẹ̀ lásìkò ọyẹ́?”

Gbọ́lágadé wo apá tó fi ń wọn ìwo. Láti ọdún tó ti ń jókòó sí etí odò náà, ìwo nìkan ló ń wò.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òfin tí àánú bá bí, ẹ dì í mú: ẹ fi abo sílẹ̀, ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ ló bí òfin yín, ẹ tètè fagi lé e. Ẹni tó ń retí yín nílé ń darúgbó lọ. Ẹ gbé ohun tó ń bẹ̀ yín fún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì lè jẹ ẹ́.