Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Kó Jọ

"Tẹ̀ ẹ́ jáde kíá, mátíróònù ti dé!" Ọ̀gá Gbémiga ń fi ìdérí báírò ta eyín, itọ́ ẹ̀ ń ta sára kọ̀ǹpútà. Ó rí ọmọbìnrin tó ń bá a kọ sọ́fúwíà ní ọ́fíìsì ẹ̀ n'Íbàfò lára débi pé ọmọbìnrin náà yíjú kúrò.

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ àtúnṣe náà, sà?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Kí ni mo fẹ́ kà? Ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń kó o jọ fúnra ẹ̀."

Òótọ́ ni. Tí ọmọbìnrin náà bá ti tún nǹkan ṣe nínú sọ́fúwíà, á kọ ohun tó ṣe ní gbólóhùn kan, kọ̀ǹpútà á sì to gbogbo ẹ̀ fún oníbàárà. Àmọ́ ọ̀gá ti pàṣẹ pé orúkọ òun ló gbọ́dọ̀ wà nídìí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí oníbàárà lè rò pé òun ló ṣiṣẹ́ náà.

Mátíróònù ilé ìwòsàn kan ní Magboro wọlé, ó gba bébà, ó ń kà á sókè: "Mo yọ ìkìlọ̀ tó ń jáde tí oògùn ọmọdé bá ti pọ̀ jù. Àtúnṣe ẹ̀ le. Wọn ò ní mọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi pàṣẹ fún ọmọbìnrin náà lánàá gan-an nìyẹn; ó kàn kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ ni.

"Ta ló kọ ìranù yìí?" Ọ̀gá fò dìde.

Mátíróònù fi ìka kan ìdí gbólóhùn náà.

"Gbémiga ni wọ́n kọ síbí. Ṣé ẹ̀yin kọ́?"