Jíìpù Tó Ń Mu Ọ́ìlì

Jíìpù náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ Alága nígbà tí iná pupa kọ́kọ́ tàn níwájú awakọ̀: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀. Alága ni gbogbo ènìyàn ń pe ọ̀gá náà, nítorí òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta irin. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tí kì í sáré, tí kì í sì í gbé ohùn sókè. Jẹ́jẹ́ bu lítà méjì sí i. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, iná náà tún tàn.

Alága gbé ọkọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tó tà á. Wọ́n ní irú ẹ́ńjìnnì yìí máa ń mu ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, kí ó fara balẹ̀. Ó ní lítà méjì lọ́sẹ̀ kan kì í ṣe díẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tọwọ́ tẹsẹ̀. Kò rú èéfín, kò jò sílẹ̀, agbára rẹ̀ sì pé. Wọ́n dá a padà fún un bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bi Jẹ́jẹ́ léèrè ẹni tó ń ta ọ́ìlì náà fún. Jẹ́jẹ́ ní òun kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Alága ní awakọ̀ tí kì í jalè kò tíì dáyé. Ó bọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó sì nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì títí ẹ̀jẹ̀ fi rin ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìyàwó Alága ló fi omi gbígbóná nu ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán. Ó ní òun ṣubú ní balùwẹ̀ ní ọdún tó kọjá.

"Ẹ má bínú," ó wí fún Jẹ́jẹ́. "Bí ọ̀gá yín ṣe rí nìyẹn. Bó bá ti bọ́ lára rẹ̀, ó parí."

Alága ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì wá sílé. Ọkùnrin náà rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́ síta láì wo ẹ̀yìn, ìyàwó Alága tó gbé omi wá fún un sì ti fi sípánà lé e lọ́wọ́. Èyí tó ń wá gan-an ni. Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ní Mọ́mì ìbá ti di ọ̀gá àwọn. Obìnrin náà dá a lóhùn pé bàbá òun ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, àárín táyà ni òun ti kọ́ ìrìn. Nígbà tí mẹkáníìkì jáde, ó pe Alága sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ara nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ ibi tí ọ́ìlì ń gbé ti ha.

"Ẹ́ńjìnnì yìí kò mu nǹkan kan, Ọ̀gá," ó wí. "Ọwọ́ ènìyàn ló ń tú u."

Alága pe Jẹ́jẹ́, ó ní kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ẹnu ọ̀nà jíìpù, ó sì fi gbogbo agbára pa ilẹ̀kùn dé. Ìka méjì kán.

Jẹ́jẹ́ wà nílé tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Alága fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀, iná pupa náà kò sì tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn aládùúgbò tó ti ń káàánú Jẹ́jẹ́ panu mọ́. Ìyàwó Alága kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde ní àsìkò náà. Ó ní àpólò ń yọ òun lẹ́nu, awò dúdú ló sì ń lò.

Alága fẹ́ fa Jẹ́jẹ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní olè tí a mọ̀ sàn ju èyí tí a kò mọ̀, kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà padà sábẹ́ ojú àwọn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sílé Jẹ́jẹ́ láti pè é wá. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ sunkún, ó ní kó má lọ. Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ta ni yóò tún gba awakọ̀ tó ní irú ọwọ́ yìí, ọmọ méjì sì wà níléèwé.

Ní ọjọ́ karùn-ún tó padà, iná tàn. Alága mú irin jáàkì. Ohun tí àwọn aládùúgbò gbọ́ ni ìró irin lára ènìyàn. Wọn kò gbọ́ ohùn. Nígbà tí wọ́n gbé Jẹ́jẹ́ dé ilé ìwòsàn, ojú òsì rẹ̀ ti fọ́. Dókítà bi í ní orúkọ rẹ̀.

"Mi ò jí i," ó wí.

Kò tún dé ilé Alága mọ́. Alága sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé olè ni òun mú, ọ̀rọ̀ sì kú síbẹ̀.

Ìyàwó Alága ló wá awakọ̀ mìíràn kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ó ní ẹbí tó ń wojú rẹ̀ fún oúnjẹ. Ó fèsì pé wọ́n jẹ́ mẹ́fà. Obìnrin náà tún bi í bóyá ó ní sùúrù.

"Sùúrù ni mo fi ń jẹun, Mọ́mì."

Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì ní kí ó máa fojú sí ọ́ìlì dáadáa.

Ní àárọ̀ Sátidé, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́, ó rá wọ abẹ́ jíìpù náà, ó tú nọ́ọ̀tì, ó jẹ́ kí nǹkan bíi lítà méjì dà sínú garawa, ó sì dì í padà, nítorí láti ìgbà tí ọ́ìlì ti ń dín, àfi àwọn ọjọ́ tí kò sí awakọ̀ nílé, ọkọ rẹ̀ kò lù ú mọ́.