Kòkòrò Inú Sífáwù

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Sífáwù, tó gbẹ bíi pańla, mí sínú ẹ̀rọ ara ògiri tó ń fi èémí wá àìsàn.

“Kòkòrò inú yín ṣì wà,” ni ẹ̀rọ náà wí. “Ọ̀dọ̀ Làmídì, ọkọ yín, lẹ ti kó o.”

Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti sin Làmídì. Ogójì ọdún ni òun àti Sífáwù fi jọ jẹun nínú àwo kan ṣoṣo. Nítorí àtigbọ́ orúkọ yẹn ni Sífáwù kì í fi í pa Mọ́ńdè kankan jẹ.

Nọ́ọ̀sì tó gbé oògùn wá ní, “Màmá, gbogbo àdúgbò ti lò ó, wọ́n sì ti sanra. Kòkòrò yìí ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ lẹ́ran lára. Ó sì lè dá ọgbẹ́ sí yín nínú.”

Sífáwù rọra ti oògùn náà padà sí i. “Ọgbẹ́ ti wà ńbẹ̀, ọmọ mi. Mi ò lè sin ọkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.”