Kíndìnrín Onígbàgbọ́

Gbì! Bí àpótí aṣọ kápẹ́ńtà kan ṣe dún nílẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù ú síta, torí pé ó lọ ṣèrìbọmi. Ó ti pẹ́ gan-an, ọ̀nà sì ti jìn, ṣùgbọ́n ohùn àbúrò wọn obìnrin lórí fóònù tún gbé ariwo yẹn padà sí i létí.

"Bọ̀dá mi, àyẹ̀wò ti jáde. Kíndìnrín yín bá ti ẹ̀gbọ́n wa mu rẹ́gí."

"Ọpẹ́ ni! Mo ń bọ̀ lónìí."

"Ẹ ṣe sùúrù ná. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò gba kíndìnrín onígbàgbọ́, àfi tí ẹ bá fi Jésù yín sílẹ̀."

"Ṣé kíndìnrín náà máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Dókítà ní ẹ̀mí wọn ti ń bọ́ lọ. Ẹ ṣáà kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ẹ ti fi í sílẹ̀, kí n fi hàn wọ́n."

Kápẹ́ńtà mú ayùn, ó rẹ́ pákó dé ìdajì, ó jù ú sílẹ̀. Ó jókòó, ó tún dìde. Ó ti pàdánù ilé, àfẹ́sọ́nà àti ogún bàbá nítorí Jésù, kò sì kábàámọ̀ rí.

Ó kúnlẹ̀ sáàárín èérún pákó. "Olúwa, má bínú sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó wá mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀: "Sọ fún wọn pé mo ti fi Jésù sílẹ̀. Kí wọ́n múra, mo ti wà lọ́nà."