Abọ́ Gbígbẹ

Iyẹ̀pẹ̀ náà kò ti òṣùpá wá. Òkúta dúdú ni wọ́n lọ̀ kúnná lókè òkun títí ó fi jọ iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá, wọ́n wá fi ike kan ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáwùmí ní yunifásítì n'Ìbàdàn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló wà nínú abọ́ lórí tábìlì ìyá Ìtùnú ní Fìdítì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ.

“Kí lẹ ń wá nínú ẹ̀ gan-an?” ìyá náà béèrè.

“Omi ni, Màámi. A fẹ́ mọ iye omi tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá.”

“Lókè lọ́hùn-ún? Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ti Fìdítì fà jáde nínú kànga!”

Ìtùnú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń mú ọmọ lọ sílé ìwé, òun ṣì ń wọ mọ́tò Ìbàdàn pẹ̀lú báàgì akẹ́kọ̀ọ́. Àyè kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí yóò lọ parí ìwádìí náà ní Jámánì, òun àti Adéwálé, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló sì ń lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ ọ́ láìfi bò: ẹni tí abọ́ gbígbẹ rẹ̀ bá gbẹ lòun máa fọwọ́ sí ìwé fún.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó sọ. A ó wọn iyẹ̀pẹ̀, a ó yan án, a ó tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín, omi ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn lè ṣe àṣìṣe, nítorí náà abọ́ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní abọ́ gbígbẹ, gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n ti yan gbogbo omi inú rẹ̀ tán, tí kò gbọ́dọ̀ dín mọ́. Bí èyí bá dín, gbogbo ìṣirò yòókù di irọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò yan tirẹ̀ wá láti ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ̀jọ̀gbọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtùnú yan tirẹ̀ nínú ófùn gáàsì ní ọ̀sán, ó dé e, ó fi í sílẹ̀ kó tutù di ọjọ́ kejì. Ní àárọ̀, kó tó jáde, ìyá rẹ̀ bu omi àdúrà nínú kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wọ́n ọn sí i lórí, ó sì pe orúkọ Jésù lé e. Ìtùnú ti fi ọ̀rá wé abọ́ náà pinpin sínú báàgì kó tó tẹrí ba, kí ẹ̀kán kankan má baà kàn án.

N'Ìbàdàn, wọ́n tún yan án, wọ́n wọ̀n ọ́n: abọ́ náà dín.

“Omi wà níbẹ̀,” ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. “Bóyá ìdérí rẹ ni kò dáa.”

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ dá máṣíìnì dúró. “Wọ́n rí omi náà?”

“Omi náà gan-an ni wàhálà, Màámi. Kò rí bó ṣe yẹ kó rí.”

Ó wọlé láìjẹun. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ tó ti ń ṣínu ní ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ìtùnú ra abọ́ tuntun tí ìdérí rẹ̀ le, ó yan iyẹ̀pẹ̀ mìíràn títí ara òun pàápàá fi gbóná. Abọ́ kejì dín ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Ẹni tó bá fẹ́ jẹ èkuru kó tán kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo,” ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. “O yan án tán, o tún jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Báwo?”

Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo èèyàn ń là, aṣọ tí wọ́n bá sá ti ń gbẹ kí wọ́n tó padà sẹ́yìnkùlé. Ibo ni omi ti ń wá? Ìtùnú bú ófùn, ó bú gáàsì, ó bú orí ara rẹ̀. Inú bí i títí ó fi sunkún.

Ní àárọ̀ ìgbà kẹta, séló téèpù tó fẹ́ fi dí ẹnu abọ́ náà ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ṣáá.

“Gbé e fún mi jàre,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Lọ wẹ̀. Màá bá ọ lẹ̀ ẹ́.”

Nígbà tó fi máa wẹ̀ tán, téèpù ti yí ẹnu abọ́ náà po, kò ká, kò wú, bí ẹni rán ọrùn bùbá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà lé itan títí dé Ìbàdàn.

Ìyẹn ló dín jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì tètè gbé e wọ̀.

“Ìtùnúolúwa, o gbọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ ara mi rán ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rí báyìí lọ síbì kankan.”

Ó fọwọ́ sí ìwé Adéwálé lójú rẹ̀. Ìtùnú dá ike iyẹ̀pẹ̀ tó kù padà, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú mọ́tò, obìnrin kan ń bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ó yá.

Nígbà tó délé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo. “Ó ti parí, Màámi. Omi yẹn ló pa mí. Mi ò lọ mọ́.”

“Èmi ni kó o bínú sí, ọmọ mi,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń fi ìborùn nù ún lójú, “gbogbo àárọ̀ tí mò ń ṣí abọ́ yẹn bu omi àdúrà sí i kí wọ́n lè rí omi tí wọ́n ń wá, ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ló jẹ́ kí n máa ṣahun.”