Mọ́tò Mi Ń Mu Epo Nínú Àgbàlá

Ẹbí mi ti ká mi mọ́.

"Èyítáyọ̀, pààrọ̀ mọ́tò mánúà yìí, ra ọtomátíìkì!"

Àǹtí mi Fẹ́yìsetán ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń bọ̀ ní Ìkọ̀lé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wo? Ewúrẹ́ nìkan ló ń dí wa lọ́nà níbí!

Mo mọ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè wa mánúà nínú wọn. Tó bá fi lè di ọtomátíìkì pẹ́nrẹ́n, wọ́n á máa yá a lọ ìgbéyàwó ní Ọ̀yẹ́, ìsìnkú ní Ìdó.

Ṣùgbọ́n ó ń mu epo. Màá rọ epo kún táǹkì lọ́jọ́ Àìkú, màá fi mọ́tò sílé, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ l'Ádó. Kí n tó dé ní Jímọ̀, epo ti lọ sílẹ̀. Mẹkáníìkì ò rí ibi tó ń jò.

Màámi nìkan ló gbèjà mi.

"Má pààrọ̀ ẹ̀ o, ọkọ mi. Eléyìí ló yẹ ẹ́."

Mo gba ọ̀rọ̀ Màámi.

Lónìí Ọjọ́bọ̀, wọ́n tètè dá wa sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo délé, mọ́tò ò sí!

Mo fẹ́ pariwo olè báyìí ni mọ́tò yọ. Ó fẹ̀yìn wọlé geere, ẹ̀gẹ́ kún búùtù.

Màámi ló wà á. Gèlè wọn ò tiẹ̀ yẹ̀.

"Háà, o tètè dé!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Píkọ́ọ̀pù kòkó bàbá rẹ ni mo fi kọ́ mọ́tò. Ta ni yóò wá kọ́ mi ní ọtomátíìkì lọ́jọ́ orí yìí?"